Òróró Yìí, Ọmọ Ta Ni?

(Orin ètò wọlé, ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìdáná báyìí, tí ẹ gbé ìkòkò kaná, tí ẹ gbé rédíò sórí fìríìjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, Ọlọ́run á yọ yín. Ẹ̀yin ìyá alákàrà tí iná yín ti ń jó láti ìdájí, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, ẹ má yí rédíò yín kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra òróró lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo dúró níwájú ìyá kan tó to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ bí ẹni to ọmọ ogun: kẹ́ẹ̀gì lítà 5, kẹ́ẹ̀gì lítà 10, kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Òróró inú wọn mọ́ gaara, oòrùn ń tàn án, ó ń dán. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Òróró kí nìyí?"

Wọ́n ní, "Òróró ni, àǹtí. Òróró gidi."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé òróró ni, mà. Ti ẹ̀pà ni, àbí ti sóyà?"

Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé òróró náà tún ní orúkọ bàbá ni?"

Gbogbo àwa tí a wà nídìí ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo gbé òróró mi, mo wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yẹn bá mi délé.

Nílẹ̀ wa, bí ọmọkùnrin kan bá wá tọrọ ọmọ wa, a kì í torí pé ó mọ́ tónítóní, pé bàtà rẹ̀ ń dán, ká ní kó máa mú ọmọ lọ. A ó bi í pé, ọmọ ta ni ọ́? Ará ibo ni yín? A ó rán èèyàn lọ wádìí ilé wọn. Òróró tó ń wọ ikùn wa lójoojúmọ́ ayé, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ wa rìn, a kì í bi í ní nǹkan kan ju "Èló ni?" lọ. Ìwádìí yẹn la fẹ́ ṣe láàárọ̀ yìí. A ó bi òróró léèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì wo ohun tí iná ń sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ. Lẹ́nu wa, epo ni pupa, òróró ni funfun. Epo ló ni ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀wà àti àsáró. Òróró ló ni ọbẹ̀ ata, ìrẹsì àti dòdò. Bí dókítà bá wá sọ fún bàbá kan pé, "Ẹ dín ọ̀rá kù o, bàbá," ohun tí ilé máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á gbé epo pupa kúrò nílẹ̀, wọ́n á gbé òróró síbẹ̀. Ọkàn á balẹ̀. Wọ́n ti ṣe ohun tí dókítà wí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí o. Púpọ̀ nínú òróró tí wọ́n ń tà fún wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ "vegetable oil" gàdàgbà sí níwájú láìdárúkọ irúgbìn kankan, ara ẹyìn ló ti wá. Ọ̀pẹ ni bàbá rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n kó lọ sí ilé-iṣẹ́. Wọ́n fi amọ̀ kan tó ń fa àwọ̀ mu àwọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ooru líle lé òórùn rẹ̀ lọ. Wọ́n mú un tutù, wọ́n sẹ́ ẹ. Apá tó dì, ó bá ti ọṣẹ àti mágarínì lọ. Apá tó ń ṣàn ni wọ́n rọ sínú kẹ́ẹ̀gì fún èmi àti ẹ̀yin. Palm olein ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nítorí náà, bàbá tí wọ́n torí rẹ̀ gbé epo kúrò nílé, epo náà ló ṣì ń jẹ. Epo yẹn kàn wẹ̀ ni, ó pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó sì bá omi ìwẹ̀ lọ, òun gan-an ló dára jù lára rẹ̀. A máa dé ibẹ̀.

Ibo la ti ń rí orúkọ bàbá òróró? Kì í ṣe níwájú ìgò. Àwòrán tòmátò àti ẹ̀fọ́ tútù ló wà níwájú ìgò, bẹ́ẹ̀ tòmátò kò bí òróró rí. Ẹ yí ìgò náà padà. Níbi tí wọ́n kọ "ingredients" sí, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, ibẹ̀ ni òótọ́ fara pa mọ́ sí. Bí ẹ bá rí "palm olein", ọmọ ọ̀pẹ ni. "Soybean" ni sóyà. "Groundnut" tàbí "peanut" ni ẹ̀pà. Bí ojú kò bá ríran tó, ẹ pe ọmọ ilé-ìwé kó kà á fún yín. Iṣẹ́ gidi lẹ rán an yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń kọ síwájú ìgò, tó ń mú wa sáré sanwó: "cholesterol free". Wọ́n ní kò sí kólẹ́síróòlù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí. Ṣùgbọ́n kò sí nínú òróró kankan tó ti ara irúgbìn tàbí èso wá. Ara ẹran, ẹyin, wàrà, ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, ni kólẹ́síróòlù ń gbé. Ẹni tó kọ ọ́ sára òróró dà bí ẹni tó ń ta omi, tó wá kọ ọ́ sára ike pé omi òun kò léegun. Ṣé omi léegun tẹ́lẹ̀ ni?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe nígbà ọyẹ́ fún yín. Mo wá ìgò kéékèèké mẹ́rin, mo fọ̀ wọ́n, mo bu àdín àgbọn sí ọ̀kan, epo pupa sí ìkejì, òróró funfun tí mo rà lọ́jà sí ìkẹta, òróró sóyà sí ìkẹrin. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé ilé ìdáná mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìdájí ọjọ́ keje, ọyẹ́ ti mú ètè wa sán, mo lọ wò wọ́n. Àdín àgbọn ti dì gbagidi, ó funfun bí àbẹ́là. Mo dorí rẹ̀ kodò, kò mira. Epo pupa ti pín sí méjì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ki bí ògì, òkè rẹ̀ ṣì ń ṣàn díẹ̀. Òróró ọjà ti ń ṣú nísàlẹ̀ bí kùrukùru. Ti sóyà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọyẹ́ fẹ́. Ó ń ṣàn geere.

Ohun tí mo rí lójú fèrèsé yẹn ni ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń kọ́ wa. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló pò pọ̀ nínú òróró kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń tètè dì, òun ni wọ́n ń pè ní saturated fat. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọ̀rá dídì. Bí a bá pín òróró sí ọ̀nà 100, èló ni ọ̀rá dídì ń kó níbẹ̀? Nínú àdín àgbọn, ó lé ní 80. Àdín tí a yọ lára èkùrọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nínú epo pupa, nǹkan bí 50. Nínú òróró funfun tí ọ̀pẹ bí, ó lé díẹ̀ ní 40. Òróró ẹ̀pà kò tó 20. Sóyà, nǹkan bí 15. Òróró ólífì, nǹkan bí 14.

Kí wá ni ọ̀rá dídì ń ṣe fún wa? Kì í ṣe pé ó ń lọ dì sínú iṣan bó ṣe dì sójú fèrèsé o. Inú ara gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó kólẹ́síróòlù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí àwọn agbálẹ̀ títì ṣe ń kó ìdọ̀tí. Bí ọ̀rá dídì bá ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ, iye àwọn agbálẹ̀ náà ló ń dín kù. Ìdọ̀tí á wá máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọdún ń gorí ọdún, títì ń há, a ò mọ̀. Ọjọ́ tí iṣan tó lọ sí ọkàn bá dí, tàbí èyí tó lọ sí ọpọlọ, ọjọ́ náà la máa ń sọ pé, "Ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni, kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀." Ẹni tó bá fi òróró sóyà tàbí ti ẹ̀pà rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rá dídì yẹn, ńṣe ló ń dá àwọn agbálẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àdín àgbọn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ọkàn, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, sọ ọ́ kedere pé àwọn kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa fi ṣe òróró ọbẹ̀, nítorí ọ̀rá dídì tó kún inú rẹ̀. Ẹ fi pa irun, ẹ fi pa ara ọmọ, ó dára púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ta sánsán nínú ìrẹsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ẹ má kàn sọ ọ́ di oògùn.

Ti òróró ólífì ńkọ́? Ó dára, ó sì wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìgò kékeré kan rẹ̀ wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ti àdúrà ni, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi dín ẹyin. Bí owó bá wà, ẹ rà á. Bí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Sóyà àti ẹ̀pà tó wà lọ́jà wa tó iṣẹ́ náà í ṣe.

Ó dáa. Ṣé ká wá da epo pupa nù? Rárá o! Ta ló fẹ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí kò lépo? Pupa ara epo kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Irú ohun tó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n ló mú epo pọ́n, ara wa sì ń sọ ọ́ di fítámínì A. Fítámínì yìí ni ojú fi ń ríran ní àṣálẹ́. Ọmọ tí kò ní in tó nínú ara lè máa táràrà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àìsàn a sì tètè máa mú un. Epo tún ń ṣe alárinà: ohun rere tó wà nínú ẹ̀fọ́, bí kò bá rí ọ̀rá díẹ̀ bá rìn, kì í wọ ara dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ má bá a ṣọ́ epo rárá, ara rẹ̀ nílò ọ̀rá láti dàgbà. Àwọn àgbà ilé la ń bá wí.

Bàbá kan lè máa sọ nínú ilé rẹ̀ báyìí pé, "Ẹ gbọ́ rédíò yìí! Ìyá àgbà wa jẹ epo títí ó fi lé ní 90 ọdún." Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí epo ṣe ń dé ọwọ́ ìyá náà. Wọ́n gun ọ̀pẹ, wọ́n gé ìdì ẹyìn, wọ́n ṣà á, wọ́n sè é, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, wọ́n bomi sí i, wọ́n bu epo tó léfòó, wọ́n tún gbé e kaná kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá ṣe wàhálà yẹn tán kò ní da epo sọ́bẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Ó tún fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Kò jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà láàárọ̀, kò jẹ míìtì páì lọ́sàn-án. Àwọn mìíràn sì wà nígbà náà tí wọ́n kú ní 50 ọdún, tí a ní ayé ló ṣe wọ́n. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Èyí ló gbé wa dé ìwọ̀n. Ẹ wá bírò. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tuntun, ẹ kọ déètì sára rẹ̀. Ọjọ́ tó bá tán, ẹ ka iye ọjọ́ tó lò. Mo ṣe é nílé mi. Èèyàn mẹ́rin ni wá. Kẹ́ẹ̀gì wa lo ọjọ́ 28. Lítà 5 jẹ́ mìlílítà 5,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 28, ẹ tún pín in sí èèyàn 4, ó lé ní mìlílítà 44 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ń gba mìlílítà 15. Ṣíbí mẹ́ta nìyẹn lójúmọ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan! Mo ní irọ́ ni, mo tún un ṣírò. Mẹ́ta náà ni.

Ṣé ó pọ̀? Ṣíbí mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 40 gíráàmù ọ̀rá. Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, gíráàmù kan sítáàṣì inú wọn ń fún ara ní agbára kálórì 4. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún un ní 9. Nítorí náà ṣíbí mẹ́ta yẹn nìkan ti jẹ́ 360 kálórì kí a tó ka òkèlè kan. Àjọ Ètò Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ọ̀rá dídì má ṣe kó ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ojúmọ́ wa ń fún wa. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì lójúmọ́, nǹkan bí 22 gíráàmù nìyẹn. Ká ní epo pupa ni ṣíbí mẹ́ta wa: 20 gíráàmù ti lọ níbẹ̀. Ó ku méjì péré. Ẹran kò tíì dé o. Ẹyin kò tíì dé. Mílíìkì inú tíì kò tíì dé.

Ohun tó ń kó bá wa ni kẹ́ẹ̀gì yẹn gan-an. A ó gbé e sórí ìkòkò, a ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, yóò máa dún gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́. Àwa náà á máa wò ó títí ọkàn wa yóò fi sọ pé ó tó. Ọkàn kì í sì í tètè sọ pé ó tó, nítorí àlejò. Ọbẹ̀ tí epo kò bá lé téńté lórí rẹ̀, àlejò lè lọ sọ níta pé ahun ni wá. Ẹ gbọ́, àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Wọn kò ní epo ló pa á o. Ẹ ná owó náà sórí irú, sórí edé, sórí ẹja gbígbẹ, sórí ata rodo tó mọ́lẹ̀. Àlejò á lá àwo.

Nílé mi, a bu òróró láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kékeré, a sì so ṣíbí mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ yóò ka ṣíbí. Bí ọbẹ̀ ata bá jiná tí òróró sì lé, a ó fi ìgbákọ re òkè rẹ̀, a ó fi pamọ́ sínú fìríìjì fún ọbẹ̀ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kẹ́ẹ̀gì kejì lo ọjọ́ 45. Kò sẹ́ni tó ráhùn pé ọbẹ̀ kò dùn. Owó tó ṣẹ́kù sì ni mo fi kún ti sóyà, nítorí sóyà tí mo rà wọ́n ju ọmọ ọ̀pẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí iná. Bí òróró bá ti ń rú èéfín, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Èéfín tó ń ta wá lójú, tó ń mú wa wúkọ́ yẹn, òróró tó ń túká ni. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn àyàmáṣe àti ẹ̀wà àgànyìn jà díẹ̀. Ẹ gbé epo pupa kaná, ẹ dé e pa, ẹ ń sun ún títí ó fi di bí omi tíì, ẹ ní ẹ ń búlíìṣì epo. Pupa tó lọ yẹn, fítámínì ló bá a lọ. Ọ̀rá dídì kò jóná ní tirẹ̀, ó jókòó digbí síbẹ̀. Ẹ ti lé àlejò rere jáde, ẹ wá fi elénìní sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí epo kàn gbóná dáadáa lórí iná kékeré pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí irú àti ata ṣe ìyókù. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé epo gbiná lórí sítóòfù, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí dé e, ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù.

Òróró tí kò gbóná tó náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Ṣé ẹ ti rí dòdò tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí ẹ gbé sórí bébà, tí bébà náà mu òróró títí ó fi mọ́ kedere bí gíláàsì? Òróró kò gbóná nígbà tí wọ́n da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń mu ún. Ẹ ju ìwọ́nba àlùbọ́sà sí i. Bí ó bá rì tó sì dákẹ́, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá hó ṣáàà tó léfòó, ẹ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín sí i. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ rọ iná sílẹ̀.

Òróró tí a fi dín nǹkan lánàá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn, ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ti dúdú, tó ń hó ìfófó, tó ń fà, tó ń tètè rú èéfín, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bu tuntun lé ògbólógbòó. Ògbólógbòó ni yóò ba tuntun jẹ́. Ìyá alákàrà, mo mọ̀ pé òróró wọ́n, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọ̀pẹ lẹ fi ń dín àkàrà. Ẹ kò ṣe àṣìṣe. Sóyà kì í lè fara da iná tó ń jó láti ìdájí di ọ̀sán. Ọ̀rá dídì máa ń fara dà á. Ohun tó mú un le fún iṣan wa ló mú un le fún iná. Àkàrà àti epo ọ̀pẹ ti jọ ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ní Bahia, nílẹ̀ Bùràsílì, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà, epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n sì fi ń dín in títí dòní. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa pààrọ̀ òróró náà kó tó dúdú. Ẹ̀yin oníbàárà wọn, ẹ rántí pé ẹ̀wà kan náà ni mọ́ínmọ́ín. Bí ẹ bá jẹ àkàrà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí ti ọjọ́ Túsìdeè jẹ́ mọ́ínmọ́ín.

Kí àkókò tó lọ, nǹkan mẹ́ta kéékèèké. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ fi agbára mú dì, tó wà nínú àwọn bisikíìtì, míìtì páì àti mágarínì kan. Trans fat ni wọ́n ń pè é, ó sì burú ju ọ̀rá dídì lásán lọ. Ní ọdún 2022, òfin NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, jáde pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Bí ẹ bá rí "partially hydrogenated" lẹ́yìn páálí, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ìkejì, epo tó ti gbé inú oòrùn lẹ́bàá títì márosẹ̀ nínú ike mímọ́ kedere, oòrùn ti jẹ nínú ire rẹ̀. Ẹ ra èyí tó wà lábẹ́ ìbòji, nílé ẹ sì gbé e jìnnà sí sítóòfù. Bí ó bá ti ń ha yín lọ́fun, ó ti kan. Ìkẹta, àwọn oníjìbìtì kan ń po àró tí kì í ṣe fún jíjẹ mọ́ epo kó lè pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ojú lásán kò lè fi gbogbo ìgbà mọ̀ ọ́n. Ẹ ní elépo kan tí ẹ mọ ibi tó ti ń gbé epo rẹ̀ wá.

Bí ẹ bá wá bi mí pé kí ni kí ẹ gbé sílé ìdáná, ìgò méjì ni. Ìgò epo pupa kékeré, tí a kò sun, fún àwọn ọbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ìgò sóyà tàbí ti ẹ̀pà fún ìyókù. Ṣíbí kan láàárín wọn.

Mo padà sí Bódìjà lánàá. Ìyá rí mi lókèèrè, wọ́n ké pè mí, "Àǹtí olórúkọ bàbá!" Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan padà kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn tajà ló kà á sókè: "Palm olein." Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Ìyá dákẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. Wọ́n ní, "Ọ̀pẹ náà ni?" Mo ní, "Ọ̀pẹ náà ni, mà." Wọ́n ní ó ti di ọdún mẹ́ta tí àwọn ti fi epo sílẹ̀ nítorí ara àwọn, òróró yìí làwọn ń fi se gbogbo ọbẹ̀ àwọn.

Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì yẹn pẹ́ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àṣé ilé ọkọ àkọ́kọ́ náà ni mo tún padà sí!"

Lẹ́yìn náà wọ́n bi ọmọ wọn pé kẹ́ẹ̀gì wo ni ti sóyà.



(Orin ètò gbé sókè.)